Abẹ́rẹ́ Tí Ń Tú Àṣírí Kókó Ara Ọmọdé

Nígbà tí a bá ń ka àwọn àìsàn tí ń bá ọmọdé jà, ibà, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ, tí a kà sí àrùn àgbà, a máa mú ọmọ ọdún márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tí ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, wọn kò tó 30. Kì í ṣe àìsí oògùn nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Kí á tó lo oògùn, ó yẹ kí á ti mọ ohun tí à ń wò, kí á sì tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó kan tí ń wú ní eegun párì àwọn ọmọdé. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà University College Hospital ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, fi rí i pé àrùn kan náà ń mú àwọn ọmọ tiwa. Ní àwọn ọdún 1960, òun ni ó gba iwájú nínú jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Kókó yìí ń ràn bí iná ọyẹ́: láàrin ọjọ́ kan sí méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ó ti yára tó náà ni ó ṣe ń gbọ́ ti oògùn, bí oògùn bá tètè bá a.

Ọ̀nà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kun ọmọ lóorun, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n fi ìda dì í, kí wọ́n sì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó wò ó. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ púpọ̀. Ti abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, tí kò nípọn ju èyí tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀, ni dókítà yóò fi gún kókó náà. Yóò fa díẹ̀ jáde, yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Bí ó bá gbẹ, wọn yóò fi aró Giemsa rẹ ẹ́. Lábẹ́ maikirosikópù, sẹ́ẹ̀lì àrùn Burkitt a máa yọ ní àwọ̀ búlúù tí ó kún fún ihò kéékèèké. Ojú tí ó mọ̀ ọ́n lè dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Níbi tí èyí kò bá tó, abẹ́rẹ́ tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, tí ń bu ẹran ara jáde bí ẹ̀là igi iṣáná.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé gígún yóò mú kókó bínú. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí àwọn kókó kan wà tí dókítà fúnra rẹ̀ kì í gún. Ti inú ẹyinjú, tí ń mú kí ojú ọmọ máa dán funfun bí ojú ológbò, a kì í fi abẹ́rẹ́ kàn án kí ó má baà tú ká. Ti kíndìnrín náà ń fẹ́ ìṣọ́ra púpọ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí á gún ni ó yẹ kí á gbà láàyè láti gún. Ṣùgbọ́n nínú àrùn Burkitt, ewu ìdádúró ju ewu abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì.

Abẹ́rẹ́ kò wọ́n. Ojú tí ó lè ka ohun tí abẹ́rẹ́ fà jáde ni ó wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Niamey ní Niger, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò, tí àwọn dókítà sì ti ń kọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú sínú ìwé láti 1992. Àìsàn kò mọ ààlà tí àwọn òyìnbó pa sáàárín wa. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé títí di 2030, ó kéré tán, 60 nínú 100 àwọn ọmọ tí àrùn yìí bá mú ni kí ó máa yè. Ìpinnu náà kò lè ṣẹ bí ìjọba wa bá ń kọ́ ilé ìwòsàn, tí kò sì kọ́ ẹni tí yóò jókòó ti maikirosikópù inú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ojoojúmọ́ ni ẹ ń rí àwọn ọmọ wa. Bí eyín ọmọ kan bá ń mì láìtọ́jọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ sì ń dán lọ́nà tí kò yẹ, ẹ má ṣe dúró de ìparí sáà. Ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí ẹ sì fi ọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, nítorí ẹni tí yóò ka gíláàsì náà lọ́la lè jókòó sí kíláàsì yín lónìí.