Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ fún Họ́mónù Akọ tí Ẹṣẹ́ Orí Kíndìnrín Ń Ṣe

Bí aboyún bá sọ̀, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ará ilé ni pé akọ ni àbí abo. Ojú ni agbẹ̀bí fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ojú kò tó, tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ òdodo.

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan bí ẹni dé fìlà. Òun ni ó ń ṣe cortisol, tí ara fi ń kojú ìnira, àti aldosterone, tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara bá ìtọ̀ lọ. Ó tún ń ṣe họ́mónù akọ, lára ọkùnrin àti obìnrin. DHEA-S ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Wọ́n bí àwọn ọmọ kan láìní èròjà tí ẹṣẹ́ yìí fi ń ṣe cortisol bí ó ti yẹ. Ohun tí kò lè di cortisol yóò wọ́jọ, púpọ̀ rẹ̀ yóò sì di họ́mónù akọ, bí odò tí wọ́n sé lọ́nà ṣe ń ya gba ibòmíràn. Láti inú oyún ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ojú ara ọmọbìnrin lè fara jọ ti ọkùnrin, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ọkùnrin lọ́jọ́ kẹjọ. Ọmọkùnrin kì í sábà fi àmì hàn. Bí iyọ̀ bá sì ń ṣòfò lára rẹ̀, èébì àti àìlera lè pa á kí ó tó pé oṣù kan. Àrùn àjogúnbá ni, ó lè mú ju ọmọ kan lọ nínú ilé kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní àbíkú.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ, tí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ lórí ìwé, ni wọ́n fi ń wá 17-hydroxyprogesterone, ohun tí ń wọ́jọ náà. Ọdún 1977 ni ọgbọ́n yìí jáde. Ó sàn kí ọmọ lo ọjọ́ kan ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí pé ó máa ń ga lára ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó tún lè ga lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tún àyẹ̀wò ṣe.

Ní ti obìnrin tí irùngbọ̀n ń hù fún, DHEA-S àti testosterone ni wọ́n ń wò. Bí DHEA-S bá ga gidigidi, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bí ó bá ṣe testosterone nìkan, ilé ẹyin ni wọn yóò kọ́kọ́ fura sí. Ẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n fi ń wọn ẹni, nítorí pé DHEA-S máa ń pọ̀ jù nígbà ọ̀dọ́, á sì máa dín kù bí ọjọ́ orí ti ń ga.

Ní ọdún 1950, Lawson Wilkins fi hàn ní Amẹ́ríkà pé cortisone lè dín họ́mónù akọ wọ̀nyí kù. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ àrùn rẹ̀, tí ó sì ń lo oògùn láìdáwọ́ dúró, lè dàgbà kí ó sì bímọ tirẹ̀.