Òjìji inú omi: Bí a ṣe lè fi ọ̀dà olómi ya odò ilé wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ agboolé ló ní ọmọ ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ni kò mọ odò tí ìyá wọn àgbà ti ń pọnmi. Ẹni tó bá mọ ọ̀dà olómi lò lè ya odò náà ránṣẹ́ sí wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1882, ti ń ya àwòrán kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London lọ́dún 1920. Nígbà tó padà dé, ó fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé l'Ékòó.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé funfun tákàdá gan-an ni ìmọ́lẹ̀ àwòrán. Ibi tí a bá ti kùn dúdú, ó ṣòro láti dá funfun rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí a fi ń ti orí àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ bọ́ sí èyí tó dúdú.

Ẹ fi omi púpọ̀ po ọ̀dà díẹ̀, kí ẹ fi kun ojú ọ̀run àti odò, nítorí àwọ̀ ojú ọ̀run ni omi ń gbé wọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kun igbó òkèèrè. Kí ìyẹn náà gbẹ, kó tó kan igi tó wà nítòsí. Ìpele ìsàlẹ̀ máa ń hàn lábẹ́ tòkè: búlúù fẹ́lẹ́ lórí yẹ́lò tó ti gbẹ á di àwọ̀ ewé. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ó gba sùúrù. Ẹni tó bá kánjú, ọ̀dà rẹ̀ á dà bí ẹrẹ̀.

Bí omi bá dákẹ́, òjìji igi máa ń dorí kodò sábẹ́ igi náà gan-an. Igi dúdú sì máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nínú omi. Ẹ kun òjìji yìí láti òkè wá sísàlẹ̀ nígbà tí tákàdá ṣì tutù, kí etí rẹ̀ má baà le. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó mọ́, tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù, fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá níbùú. Atẹ́gùn ti fẹ́ lójú odò nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà tí ọwọ́ yín kò gba búrọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ jókòó ti ọmọ-ọmọ yín, kí ẹ júwe ibi tí igi wà kí wọ́n tó gé e. Bíi funfun tákàdá ni ohun tí ẹ mọ̀ rí. Bó bá lọ, kò ṣeé dá padà.