Bí Alátakò Ṣe Ń Di Tẹni

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Idu, l'Abuja, láti oṣù Keje ọdún 2016, Kaduna ló ń lọ, ìpínlẹ̀ tí Zazzau, ìlú Ọbabìnrin Amina, wà. Amina ti di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń bá pàdé nínú géèmù báyìí: ó wà lára àwọn olórí tí èèyàn lè yàn nínú Civilization VII, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ọgbọ́n à ń sọ alátakò di ọ̀rẹ́, Crusader Kings III ni kò lẹ́gbẹ́. Ilé iṣẹ́ Paradox ní Sweden ló gbé e jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú máàpù rẹ̀, ẹni tó bá sì wù lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 867.

Nínú géèmù yìí, gbogbo ìjòyè ló ní nọ́ńbà kan sí ọba, láti -100 títí dé 100. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bóyá ìjòyè yóò dúró ti ọba tàbí yóò lọ bá àwọn tó ń dìtẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó wà ní -30. Tí ọba bá fi owó ránṣẹ́ sí i, nọ́ńbà rẹ̀ á gòkè lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sówó lápò, ọba lè máa fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Èyí ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè já sí pàbó. Ìwà náà kò gbẹ́yìn: aláàánú fẹ́ràn aláàánú, kò sì fẹ́ rí òǹrorò sójú. Bí ìjòyè náà bá wá jẹ́ alágbára tí wọn kò fi sínú ìgbìmọ̀ ọba, ẹ̀bùn nìkan kò lè tù ú nínú tán. Ipò ló ń wá.

Ọ̀nà mìíràn wà tó le díẹ̀. Olórí àwọn amí lè tú àṣírí ìjòyè kan, bóyá pé ó pààyàn rí. Ọba á fi àṣírí yẹn dè é, kò sì ní lè bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ mọ́. Inú rẹ̀ kò yọ́ sí ọba o. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọjọ́ tí ọba bá wàjà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àrólé ni ẹni tó ń gbá géèmù á dà, èyí tó pọ̀ jù nínú ojú rere tí bàbá ti fi ẹ̀bùn rà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè á sì bá bàbá lọ.

Agbègbè Idu, níbi tí ọkọ̀ ojú irin yẹn ti ń gbéra, ti rí irú àrólé bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí jíhádì Usman dan Fodio gba Zazzau, Muhammadu Makau tó jọba níbẹ̀ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá sí Zuba, ìlú àwọn Koro. Àbúrò rẹ̀, Abu Ja, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1828, ó tẹ ìlú Abuja dó, èyí tí à ń pè ní Suleja lónìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Zaria, olú ìlú Zazzau tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajíhádì, gbógun tì wọ́n títí, kò ṣẹ́gun. Ó ṣòro kí àjèjì tí onílé kò gbà mọ́ra ráyè mọ odi.

Ti Afọ̀njá ló dunni jù. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, ó sì kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó pe Àlímì, àfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Àwọn ẹrú ará òkè ọya sá lọ́dọ̀ olówó wọn wá bá a, wọ́n di ọmọ ogun rẹ̀, Jàmáà. Ó fún wọn ní òmìnira, ó jẹ́ kí wọ́n kó ìkógun. Bí a bá fi òfin géèmù wò ó, nọ́ńbà wọn ì bá ti kún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Àlímì ni wọ́n ń kírun, ìfiniṣèjẹ wọn sì ti sọ àwọn Yorùbá tó yí Afọ̀njá ká di ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kó wọn níjàánu, ní nǹkan bí 1824, wọ́n yí padà sí i, wọ́n pa á. Ṣólàgbérú, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó ti jẹ́ alábàáṣe rẹ̀, kò wá gbà á. Abdulsalami ọmọ Àlímì ló wá di ẹ́míà.

Ẹ̀sìn ń gbé nọ́ńbà ga tàbí kó fà á wálẹ̀ nínú Crusader Kings III náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọba Yorùbá gbá a, kó tó fi owó háyà ọmọ ogun àjèjì, kó kọ́kọ́ wo àwọn ìjòyè tirẹ̀ tí géèmù fi àwọ̀ pupa kọ nọ́ńbà wọn.