Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Irú ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ohun èlò tí wọ́n ń dè mọ́ apá kò lè rí: èyí tí ó ń ru nínú iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ dídì wà lára ohun tí ó ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ a dì nínú ẹsẹ̀, a já, a lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, a yọ́. Lára àwọn díẹ̀, a le bí àpá mọ́ iṣan, apá ọ̀tún ọkàn a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tóóró títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Èémí tí kò délẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni àmì rẹ̀. Àwọn kan a ní ásímà ni, àwọn mìíràn a ní ọjọ́ ogbó ni. Àìsàn tí ó ṣe é wò a sì pẹ́ lára. Bí ènìyàn bá ti lo oògùn adènà ẹ̀jẹ̀ dídì fún oṣù 3 tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, àwòrán tí ó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ dé tí ẹ̀jẹ̀ kò dé hàn ni ó kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ibi gbogbo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àìsàn yìí kọ́. Bí kò bá dé, wọn yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn láti wọn ríru náà.

Iṣẹ́ abẹ ni ó lè wò ó sàn. Dókítà a mú ara aláìsàn tutù dé nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńṣíọ̀sì, a dá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ dúró, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ lẹ́ẹ̀kan, a sì bó àpá náà kúrò: kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù! Ẹni tí ọ̀bẹ kò lè dé tirẹ̀ lè lo riociguat, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, tàbí kí wọ́n fi fèrè róbà kékeré la iṣan rẹ̀. Títí ayé ni àwọn méjèèjì yóò máa lo oògùn adènà ẹ̀jẹ̀ dídì.