Bí Mo Ṣe Ju Àdúgbò Wa Sínú Òkun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ dúró ná kí ẹ tó sáré lọ jẹun. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ó kan ọ̀nà tí ẹ ń gbà délé lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀.

Kò sí ẹni tó ń sùn nílé ẹ̀kọ́ wa. Ojoojúmọ́ là ń lọ tá a sì ń bọ̀. Ìbàdàn la sì wà. Àwọn àgbà tó rí omi Ògùnpa nígbà tó ya lóṣù kẹjọ ọdún 1980 ò tíì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ní táàmù tó kọjá, àgbàrá gbá ọmọ JSS 1 kan lẹ́sẹ̀ nídìí afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Ìyá alákàrà kan ló fà á jáde. Látìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ oníròyìn wa ti pinnu pé a máa kọ gbogbo ibi tí omi máa ń bo ọ̀nà sílẹ̀, ká sì fi ya àwòrán ilẹ̀. Àwa mẹ́ta la gba iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é, a sì rí ibi 21. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ní ká gbé e wá síbi ìpàdé ọjọ́ Sátidé, torí ẹnjiníà tó fẹ́ la gọ́tà tuntun máa wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan lo fóònù ìyá rẹ̀, fáìlì GPX ló gbé wá. Irú èyí làwọn ẹ̀rọ tó ń tọ ipasẹ̀ ìrìn máa ń kọ. Ẹnì kejì sàmì sí tiẹ̀ lórí Google Earth, KML ló mú bọ̀. Èmi ò ní fóònù. Mo yá ti bọ̀dá mi, mo wo nọ́ńbà ibi kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ bíi tábìlì. CSV ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹnjiníà ní tòun, shapefile lòun fẹ́, irú èyí tí iléeṣẹ́ Esri gbé jáde láwọn ọdún 1990.

Àdúgbò kan náà ni gbogbo wa ń sọ o. Ẹ lè fi ewé wé àkàrà, ẹ lè fi bébà wé e, ẹ lè dà á sínú ọ̀rá. Àkàrà náà ni. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tó mọ ewé nìkan ò lè tú ọ̀rá.

Ṣé ká wá kọ ètò kan tó máa yí GPX sí shapefile, òmíràn tó máa yí KML sí shapefile, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí irú fáìlì bá jẹ́ 10, tá a sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di èyíkéyìí nínú 9 tó kù, ètò 90 la máa kọ. Bí ìkọkànlá bá dé, 20 míì la máa fi kún un. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Ẹ wo ọjà Bódìjà. Àpò ni wọ́n fi gbé gàrí wá ni o, agbọ̀n ni o, kóńgò ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n kó tó bọ́ sínú ohun tí oníbàárà gbé dání. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé agbọ̀n mélòó ló wà nínú àpò kan.

Bí GDAL ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Frank Warmerdam, ọmọ Kánádà kan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni. GDAL ní kóńgò tirẹ̀ láàárín: ibi yìí, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àlàyé rẹ̀. Irú fáìlì kọ̀ọ̀kan wá ní èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ driver, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kà á sínú kóńgò àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ jáde. Fún irú 10, iṣẹ́ 20 péré ni: kíkà 10, kíkọ 10. Bí ìkọkànlá bá dé, méjì péré la fi kún un. Àwọn ètò míì náà ń yá èròjà yìí lò. Ó wà nínú QGIS, Google Earth náà ń lò ó. Bí ẹnì kan bá tún driver kan ṣe, gbogbo àwọn tó ń yá a lò ló jèrè.

Irinṣẹ́ rẹ̀ tí mo lò ni ogr2ogr. Ohun tí mo tẹ̀ fún fáìlì ọ̀rẹ́ mi nìyí:

ogr2ogr ibi_gpx.shp ibi.gpx waypoints

Ẹ kíyè sí i: èyí tí ẹ fẹ́ ló ń ṣáájú, èyí tí ẹ ní ló ń tẹ̀ lé e. Waypoints ni apá tí àmì àwọn ibi wà nínú GPX. Kó tó di pé mo mí, ó ti parí.

Mo ti ń yangàn, àfi ìgbà tí olùkọ́ wa ṣí gbogbo ẹ̀ nínú QGIS. Ibi 14 tàwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó jẹ́ẹ́ sí Ìbàdàn. Ibi 7 tèmi wà nínú òkun, ní gúúsù Bonny! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Kí ló fà á? Nínú Geography, latitude la máa ń kọ ṣáájú: Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.38 sí àríwá, 3.95 sí ìlà-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Àmọ́ ní ti KML, GeoJSON àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ míì, longitude ló ń ṣáájú. Mo ní kí ètò náà mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ bíi longitude, ó sì ṣe bí mo ṣe wí. Kò ké, kò kọ̀, torí 3.95 sí àríwá àti 7.38 sí ìlà-oòrùn náà jẹ́ ibi gidi láyé yìí. Omi ló kàn wà níbẹ̀. Ètò ń pààrọ̀ aṣọ fáìlì ni. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló wà nínú aṣọ.

Shapefile náà ní tiẹ̀. Kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo. Àmì ibi wà nínú .shp, atọ́ka rẹ̀ wà nínú .shx, orúkọ àti àlàyé wà nínú .dbf. Mo da .shp nìkan sínú flash, ó ní òun ò ṣí. Bákan náà, orúkọ òpó inú tábìlì rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ. A ní ijinle_omi_aaro àti ijinle_omi_ale. Ó gé méjèèjì, wọ́n di ọ̀kan náà, ó wá fi nọ́ńbà sídìí èkejì. Èwo ni ti àárọ̀, èwo ni ti alẹ́? Ìwé tí mo fọwọ́ kọ la padà lọ wò.

Torí náà, bí ẹ bá yí fáìlì padà, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ wá ibi kan tí ẹ mọ̀ dáadáa lórí àwòrán, kí ẹ wò ó bóyá ó wà láyè rẹ̀. Kí ẹ sì ka orúkọ àwọn òpó.

Ọjọ́ Jímọ̀ la tún un ṣe tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n bá wọn rẹ́rìn-ín: afárá ẹ̀yìn ọjà yẹn wà lára ibi 7 tèmi. Ká ní olùkọ́ wa ò ṣí i wò ni, ẹnjiníà ì bá rí ibi 14, afárá yẹn ò ní sí lára wọn.

Àwòrán ilẹ̀ náà nìyí lápá ọ̀tún. Bí ọ̀nà ilé yín bá wà lára ẹ̀, ẹ gba ibòmíràn lọ́jọ́ òjò. Bí ẹ bá sì mọ ibi tí a gbàgbé, ẹ wá bá mi ní SS 2. Ẹ sọ latitude fún mi, ẹ sọ longitude, kí ẹ sì sọ èwo ni èwo.