Ká Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Ní Òkè Patti: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́kadà, Dírẹ́bà Àti Èrò Mọ̀

Ẹni tó bá ń gbé Lokoja mọ̀ pé ìlú òkè ni, ìlú omi sì ni. Odò Ọya àti odò Benue pàdé nísàlẹ̀, Òkè Patti sì dúró gbagidi lẹ́yìn ìlú, ó ga ju mítà 450 lọ sí ìpele òkun. Àwọn ará wa Ọwọ́rọ̀, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, wà lápá Agbaja, orí òkè náà ni. Torí náà, bóyá Kabba lẹ ti ń bọ̀ o, bóyá ẹ̀ ń wálé ọdún gba ọ̀nà Ọ̀kẹ́nẹ́ o, ó di dandan kí ẹ sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbì kan. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gígun òkè kì í sábà pààyàn. Sísọ̀ rẹ̀ ló ń pa wọ́n.

Ẹ rántí September 23, 2020. Táńkà epo kan tó ń bọ̀ ní Felele, lójú ọ̀nà Lokoja sí Zariagi, kò lè dúró mọ́, ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sì sọ. Ẹ̀mí tó lé ní ogún ló bá a lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé àti akẹ́kọ̀ọ́ Poly ìpínlẹ̀ Kogi wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ròyìn ni pé bíréèkì ló já.

“Bíréèkì já.” Gbólóhùn yìí la máa ń gbọ́ lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé okùn kan ló ṣàdédé já. Lóòótọ́, wáyà bíréèkì ọ̀kadà lè já, páìpù bíréèkì mọ́tò lè jò. Ṣùgbọ́n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan ò já rárá. Bíréèkì ti gbóná kọjá agbára rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Bíréèkì kì í pa eré run, ṣe ló ń sọ eré di ooru. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra ara wọn láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ máa mọ ohun tí à ń sọ. Ká ní ọ̀kadà kan àti èèyàn méjì tó gùn ún wúwo tó kílò 250, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 300. Tó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló dá iṣẹ́ náà ṣe, ooru tó máa jáde níbẹ̀ á tó láti sé omi lítà méjì títí á fi hó. Ọ̀kadà nìyẹn o. Táńkà tó ru epo lítà 33,000 máa ń sún mọ́ tọ́ọ̀nù 40. Mítà 100 péré tó bá sọ̀, ooru rẹ̀ lè sé omi tó ju lítà 100 lọ.

Inú dírọ́ọ̀mù irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni gbogbo ooru yẹn ń wọ̀. Bí irin bá sì gbóná, ṣe ló máa ń fẹ̀. Dírọ́ọ̀mù á fẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára ṣúù bíréèkì, ojú ṣúù náà á máa yọ̀, kò ní lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ dírẹ́bà wà lórí bíréèkì, ó ń tẹ̀ ẹ́ pa, mọ́tò ò gbọ́. Tírélà tó ń lo afẹ́fẹ́ fún bíréèkì tún ní ìṣòro tirẹ̀: bí dírẹ́bà bá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u, tó tún ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ inú táǹkì lè máa tán kí ẹ́ńjìnì tó rí òmíràn pèsè.

Kí ló wá yẹ kó di ọkọ̀ mú? Jíà ni. Bí ẹ bá ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí túrọ́tù, tí jíà kékeré ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rẹ bíréèkì. Òfin àwọn àgbà dírẹ́bà ni pé jíà tí ọkọ̀ fi gun òkè náà ni kí wọ́n fi sọ̀ ọ́. Bí Patti bá gba jíà kejì nígbà tí ẹ̀ ń lọ sókè, jíà kejì náà ni kí ẹ fi padà. Orí òkè lẹ ti máa kó o sí i o, kí ọkọ̀ tó dorí kọ ìsàlẹ̀. Bí tírélà bá ti gba eré tán, jíà kékeré ò ní wọlé mọ́. Á máa ké ni. Dírẹ́bà tó bá sì ti yọ èyí tó wà níbẹ̀ láti wá òmíràn lè má rí ìkankan mú mọ́.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń fi ọ̀kadà jẹun. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí epo sì wọ́n gógó, fífi máṣínì sí fíríì láti orí òkè ti wá dà bí ọgbọ́n. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnì pátápátá. A mọ̀ pé owó ò sí nílùú. Ṣùgbọ́n máṣínì tó wà ní fíríì ṣì ń mu epo, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n sì fi pamọ́ kò tó owó àkàrà. Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ì bá ṣe lófẹ̀ẹ́ ni wọ́n di lé ṣúù bíréèkì lórí. Ẹni tó ń di kílọ́ọ̀ṣì mú láti òkè délẹ̀ náà ń ṣe ohun kan náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ ewu yìí kí ọ̀kadà tó dáyé. Wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń kógun ja ilẹ̀ Okun, orí òkè ni àwọn èèyàn sá lọ. Ẹṣin dára ní pápá, àmọ́ láàárín àpáta tó dagẹ̀rẹ́, ó di ẹrù lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Lókè òkun, wọ́n ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe eré ìdíje. Ẹlẹ́ṣin á sáré gba inú pápá àti omi, á máa fo igi, á máa gun òkè, á máa sọ̀ ọ́. Eré náà ti wà nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1912. Ní Burghley, nílẹ̀ England, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Leaf Pit, tí ẹṣin á ti já sílẹ̀ láti etí kòtò. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹlẹ́ṣin níbẹ̀ bá tiwa mu lọ́nà tó yà wá lẹ́nu. Kó tó dé etí gẹ̀rẹ́ ni kó ti dín eré kù. Kó sọ̀ tààrà, kó má sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ẹṣin tó bá fẹ̀gbẹ́ sọ̀ lè yọ̀ kó sì yí gbirigbiri lórí ẹni tó gùn ún. Kó ti gìgísẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, kó gbé àyà rẹ̀ sókè, kó má dà bo ọrùn ẹṣin, torí iwájú ẹṣin ti wúwo ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Kó má sì fa ìjánu le, kí ẹṣin lè rí orí àti ọrùn rẹ̀ fi wá ibi tó máa tẹ̀.

Ẹ fi máṣínì rọ́pò ẹṣin, ẹ máa rí i. Tó bá ń sọ̀, gbogbo ìwúwo ń rọ́ síwájú, èrò ẹ̀yìn náà á sì máa yọ̀ wá lé ọlọ́kadà lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, bíréèkì ẹ̀yìn á wá máa wọ́ táyà lásán. Bíréèkì iwájú ló lágbára jù lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un pa lórí yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ ló kù. Ẹ máa lo méjèèjì pọ̀: ẹ tẹ̀ wọ́n dáadáa, ẹ tú u díẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí sàn ju kí ẹsẹ̀ máa lé e díẹ̀díẹ̀ láti òkè délẹ̀. (Ọlọ́kadà lò ń gbọ́ o, kì í ṣe onítírélà alófẹ́ẹ́fẹ́.)

Ẹ̀yin èrò náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ di irin ẹ̀yìn mú, ẹ fi orúnkún rọra há máṣínì, kí ẹ má gbára lé ẹni tó ń wà yín. Èèyàn méjì lẹ́yìn ọlọ́kadà lórí Patti, àṣejù ni lójú tiwa. Ẹ sì má tijú láti sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀ níbí, màá fẹsẹ̀ rìn ín.” Bí ọlọ́kadà bá bínú, á bínú tán.

Lọ́jọ́ ọdún, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń mú àlejò lọ wo ilé tí Lugard gbé lórí òkè náà. (Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé orí òkè yẹn ni Flora Shaw ti sọ Nàìjíríà lórúkọ dùn létí, àmọ́ inú ìwé ìròyìn The Times ti London ni orúkọ náà ti jáde ní January 8, 1897.) Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀, bí òórùn nǹkan tó ń jóná bá gba imú yín, àbí bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ má sọ pé ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ délẹ̀. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ jókòó títí irin náà á fi tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i, irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè là.