Ìdí tí ẹmu fi ń kan láàárín ọjọ́ kan, tí wáìnì ilẹ̀ òtútù sì ń pẹ́ nílẹ̀ fún ọdún

Ẹni tó bá ra ẹmu láàárọ̀ ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, mọ̀ pé adùn tí òun bá lẹ́nu ahá láàárọ̀ kọ́ ni òun máa bá nínú kẹ́ẹ̀gì tó bá dìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ẹmu dùn, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ní ọ̀sán, ó ti ń ta ahọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, kíkan rẹ̀ ti borí adùn. Bẹ́ẹ̀ wáìnì gidi tó ti ilẹ̀ Faransé wá lè wà nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má bàjẹ́.

Àwọn kan gbà pé ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe wáìnì ló ju ti àwọn adẹ́mu wa lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni alájàrà ilẹ̀ òtútù ní tí adẹ́mu ilẹ̀ wa kò ní: òtútù, èso tó ti ní kíkan nínú láti orí igi, àti àyè láti dúró. Láìsí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, adẹ́mu ń gbé ọtí tó dára sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni adẹ́mu ń ṣe lókè ọ̀pẹ?

Igi méjì ni ẹmu ti ń wá nílẹ̀ wa. Ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni igi ògùrọ̀, tó fẹ́ràn etí odò àti àbàtà.

Ọ̀pẹ kan náà ló ń yọ òdòdó akọ, tó tún ń yọ abo, àmọ́ àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń yọ wọ́n. Abo ló ń di ìdì ẹyìn. Akọ ni adẹ́mu ń wá. Yóò fi igbà gun ọ̀pẹ, yóò gé imọ̀ tó bá dí i lọ́nà, yóò sì bẹ́ orí òdòdó náà kó tó là. Oúnjẹ olómi tí igi fẹ́ fi bọ́ òdòdó yìí ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú akèrègbè tàbí ike tó so mọ́ ọn.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, adẹ́mu gbọ́dọ̀ padà gun igi náà, kó fi ọ̀bẹ mímú fá ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí kò bá fá a, ojú rẹ̀ á dí, omi á sì dá. Bí ó bá gé e jìn jù, òdòdó á tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìwọ̀n tó wà láàárín méjèèjì ni ọmọ iṣẹ́ ń fi ọdún kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ti ògùrọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń dá ògùrọ̀ láìgbin òmíràn fi ń jẹ irúgbìn ọ̀la.

Kí ló ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì?

Omi tó ń jáde lára ọ̀pẹ mọ́ gaara bí ó ṣe ń kán. Ṣúgà inú rẹ̀ tó 10 sí 15 nínú ìdá 100, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ni irú ṣúgà tó wà nínú ìrèké. Ẹnikẹ́ni kì í da ìwúkàrà sí i. Afẹ́fẹ́, ọ̀bẹ, kòkòrò tó ń fò àti ara akèrègbè ló ń gbé e wá.

Ìwúkàrà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní *Saccharomyces cerevisiae* ni aṣáájú wọn. Òun náà ló ń mú búrẹ́dì wú, òun náà ló sì ń sọ omi àjàrà di wáìnì. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ *Zymomonas mobilis* ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jẹ ṣúgà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń hó, tó sì ń mú kẹ́ẹ̀gì wú bí èèyàn bá dé e pa. Àwọ̀ funfun tí a mọ̀ mọ́ ẹmu, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí wọ̀nyí ló fà á: wọ́n ti pọ̀ débi pé ara wọn ló sọ omi gaara di funfun.

Láàárín ọjọ́ kan, ọtí inú ẹmu lè tó 5 nínú ìdá 100. Àwọn bakitéríà mìíràn ti ń fi kíkan sí i látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá tún pẹ́ sí i, àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ á dé, wọ́n á sì sọ ọtí náà di ọtí kíkan pátápátá.

Kí ni òtútù ń ṣe fún alájàrà?

Ní Champagne nílẹ̀ Faransé, ní àfonífojì Mosel ní Jámánì àti ní gúúsù ilẹ̀ England, díẹ̀díẹ̀ ni àjàrà ń pọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ká a, ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Ooru a máa jẹ kíkan inú èso run. Alẹ́ tútù kì í jẹ́ kó tètè run.

Kíkan yìí gan-an ni odi tó ń ṣọ́ wáìnì. Lórí òṣùwọ̀n pH tí wọ́n fi ń wọn kíkan, omi àjàrà wà láàárín 3 sí 3.5. Ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń ba nǹkan jẹ́ kò lè gbáyé níbẹ̀, àmọ́ ìwúkàrà lè gbé ibẹ̀. Omi ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán wà ní nǹkan bí 7, bákan náà pẹ̀lú omi lásán. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ló rí àyè jẹ, tó sì rí àyè bí sí i.

Lẹ́yìn èyí, alájàrà á fi omi àjàrà funfun sínú àgbá tútù, ní nǹkan bí 12 sí 18°C, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì dé e kí afẹ́fẹ́ má wọlé. L'Óṣogbo, ooru ọ̀sán sábà máa ń kọjá 30°C. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún, wákàtí ló ń gbà níhìn-ín.

Ṣé ẹmu lè wọnú ìgò?

Ó ti wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1860 sí 1869, Louis Pasteur fi hàn pé bí wọ́n bá fi ooru díẹ̀ kan wáìnì, kò ní tètè bàjẹ́. Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ wa gùn lé. FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Óṣòdì lọ́dún 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí ẹmu inú ìgò. NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin, tó ti wà látọdún 1939, náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tó ń dá kíkan dúró náà ló ń pa ohun tó ń mú ẹmu ta ahọ́n. Òtútù sàn jù: kì í pa àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ẹmu, ó kàn ń mú kí iṣẹ́ wọn falẹ̀ ni.

Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Àwọn kan ń bu omi àti sákárìn sínú ẹmu tó ti kan kó lè padà dùn. Ìrẹ́jẹ ni, kò sì yẹ kí oníbàárà gbà á. Ti ògógóró, tí wọ́n ń sè jáde látinú ẹmu, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, nígbà tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹmu tútù fúnra rẹ̀ náà jẹ́ ọtí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde lọ́dún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu. Kí aláboyún àti awakọ̀ yàgò fún un.

Ẹni tó bá sì máa mu ún, kó béèrè ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, kó gbé e sínú fìríìjì, kó má sì dé e pa. Ìjọba tó bá sì fẹ́ ran àwọn adẹ́mu wa lọ́wọ́, ohun méjì ni kó kọ́kọ́ fún wọn: irúgbìn ògùrọ̀ tuntun létí odò, àti ibi tútù tí wọ́n lè gbé ẹmu sí kó tó kúrò lóko. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.